Nọ́mbà Ara Máṣíìnì Màmá Kò-Ṣeé-Pín

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ pàdé Màmá Kò-Ṣeé-Pín ni ọjọ́ tó lé máṣíìnì tuntun jáde ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ìyá mi ló rán mi pé kí n lọ bá òun gba ẹ̀wù. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń tọ́jú ìwé ilẹ̀ nígbà náà, mo wọ bàtà tuntun, mo sì rò pé mo ti rí ayé. Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà, mo bá ọkùnrin kan tó so táì, tó gbé máṣíìnì ìránṣọ oníná kalẹ̀ lórí tábìlì tí wọ́n fi ń gé aṣọ. Máṣíìnì náà funfun, ó ń dán bí àwo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.

"Ìyá, ọ̀fẹ́ ni," ni ọkùnrin náà ń wí. "Ẹ fún wa ní ògbólógbòó yìí, kí ẹ gba tuntun. Ọ̀gá wa fẹ́ gbé ògbólógbòó náà sí iwájú ọ́fíìsì, kí àwọn èèyàn máa wò ó."

Aránṣọ náà, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó gbé téèpù kọ́ ọrùn, kò wo ojú rẹ̀. "Kí ni nọ́mbà rẹ̀?"

"Nọ́mbà fóònù mi?"

"Nọ́mbà ara máṣíìnì. Wọ́n máa ń tẹ̀ ẹ́ sí abẹ́ rẹ̀."

Ọkùnrin náà dojú máṣíìnì dé, ó ka nọ́mbà náà sókè. Ó parí sí òdo.

"Gbé e kúrò," ni aránṣọ wí. "Ọmọ tí kò tíì wọ ilé-ìwé á pín in."

Ọkùnrin náà lọ gbé òmíràn wá nínú ọkọ̀ rẹ̀. 5,840,223 ni wọ́n tẹ̀ sí ìyẹn lára. Aránṣọ na ìka rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rò wọ́n pọ̀. "Márùn-ún, mẹ́jọ, mẹ́rin, òdo, méjì, méjì, mẹ́ta. Mẹ́rìnlélógún. Mẹ́ta wọ inú mẹ́rìnlélógún, ó sì ti pín gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Gbé e kúrò." Nọ́mbà máṣíìnì kẹta tó gbé wá le díẹ̀. Ó ní kí ọkùnrin náà kọ ọ́ sílẹ̀, kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Nígbà tó padà wá, ìwé pélébé kan ló bá lẹ́nu ilẹ̀kùn: "Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n pín in. Ẹ má bínú." Wọ́n ní oṣù yẹn ló fi máṣíìnì sílẹ̀, tó lọ ń ta fìríìjì.

Máṣíìnì tirẹ̀ dúdú, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì kan pélébé idẹ kan mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ohun tó wà lára idẹ náà ni 1,022,117: mílíọ̀nù kan, ẹgbàá mọ́kànlá, àti mẹ́tàdínlọ́gọ́fà. Màmá ní kò sí nọ́mbà kankan láyé tó lè pín in tí nǹkan kò ní ṣẹ́ kù, àfi ẹyọ kan àti òun fúnra rẹ̀. Kò sì fi ẹnu lásán sọ ọ́. Ó kọ ọ́ sí ara páálí, ó gbé páálí náà kọ́ sókè orí máṣíìnì: ẸNI TÓ BÁ PÍN IN LÁÌṢẸ́KÙ, KÓ GBÉ E LỌ. Máṣíìnì yìí nìkan ló fi ń jẹun.

Ọ̀rọ̀ ogún ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, ọmọ mẹ́ta ló fi sáyé: ẹ̀gbọ́n ọkùnrin kan, òun, àti àbúrò ọkùnrin. Wọ́n pín àwo, wọ́n pín aṣọ, wọ́n pín àga. Nígbà tó kan máṣíìnì, ẹ̀gbọ́n ní kí àwọn pín in sí mẹ́ta: kí òun mú orí rẹ̀, kí àbúrò mú tábìlì àti ẹsẹ̀ rẹ̀, kí obìnrin àárín wọn mú àpótí abẹ́rẹ́. Òun tí kò tíì sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó da nọ́mbà ara idẹ kọ sí ẹ̀yìn ìwé kan, ó ṣe ìṣirò.

"Ẹ̀gbọ́n, mo ti pín in sí mẹ́ta. Ó ṣẹ́ ku méjì. Máṣíìnì ò gbà."

Ibi tí ẹ̀gbọ́n ti ń họ orí ni àbúrò bàbá wọn ti wọlé, tó ní òun náà ní ìpín. Ìpín ti di mẹ́rin. Obìnrin náà tún tẹrí ba. "Ó ṣẹ́ ku ẹyọ kan, Bàbá." Ni bàbá náà bá jókòó, ó nu ojú. "Ẹ fún un," ló wí, "kí orí wa lè sinmi."

Ẹlòmíràn ì bá gbé máṣíìnì rẹ̀, kó máa lọ sílé. Àmọ́ aránṣọ yìí mọ ẹbí rẹ̀ dáadáa. Bí wọ́n bá tún pọ̀ sí i ńkọ́? Ó pín in sí márùn-ún, ó pín in sí méje, ó pín in sí mọ́kànlá. Ìgbà tí èmi fi mọ̀ ọ́n, ó ti múra sílẹ̀ de ẹgbẹ̀rún ìbátan ó dín mẹ́ta.

Kò fi wàdùwàdù ṣe é o. Nọ́mbà kan ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn tó bá ti sinmi. Kì í sì í ṣe gbogbo nọ́mbà ló ń gbìyànjú. "Bí méjì ò bá lè pín in," ló ṣàlàyé fún mi, "mẹ́rin ò lè pín in, mẹ́fà ò lè pín in. Ìyá ò rọ́nà wọlé, ọmọ tó pọ̀n sẹ́yìn ni yóò rọ́nà?" Àwọn nọ́mbà tí kò ṣeé pín nìkan ló yẹ kéèyàn fi dán an wò. Wọ́n sì to àwọn wọ̀nyẹn sí ojú ìwé tó gbẹ̀yìn nínú ìwé ìṣirò àtijọ́ rẹ̀, láti orí méjì títí dé ẹgbẹ̀rún ó dín mẹ́ta. Méjìdínláàádọ́sàn-án ni gbogbo wọn. Ó gbà á ní ọdún mẹ́ta àti oṣù díẹ̀. Nígbà tó parí, ó tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí aránṣọ gidi a máa wọn aṣọ lẹ́ẹ̀mejì kó tó gé e lẹ́ẹ̀kan.

Bébà aláwọ̀ ilẹ̀ tó fi ń gé àpẹẹrẹ aṣọ náà ló fi ń ṣe ìṣirò, kì í sì í da bébà nù. Inú kọ́là ló máa ń rán an sí kí kọ́là lè dúró ṣánṣán. Agbẹjọ́rò kan rán ẹ̀wù lọ́dọ̀ rẹ̀, òjò sì pa á lọ́jọ́ kan lójú ọ̀nà kóòtù. Nígbà tó dìde láti rojọ́, tàdáwà ti là jáde lára kọ́là funfun rẹ̀, gbogbo èèyàn sì lè kà á: *ó ṣẹ́ ku 28*. Adájọ́ wo ọrùn rẹ̀ títí. "Agbẹjọ́rò," ló wí, "ṣé ọ̀rọ̀ yín ló ṣẹ́ ku méjìdínlọ́gbọ̀n ni? Kí n yáa kọ́kọ́ lọ jẹun."

Àwọn oníbàárà rẹ̀ kò ṣàì jẹ nínú rẹ̀. Dírẹ́bà kan wá rán ẹ̀wù, ó ní bọ́tìnnì mẹ́fà lòun fẹ́ níwájú.

"Mẹ́fà kẹ̀?" ni Màmá wí. "Méjì á pín in, mẹ́ta á pín in. Ẹ̀wù lẹ fẹ́ wọ̀ ni, àbí ẹran lẹ fẹ́ pín?"

"Ẹ fi mẹ́jọ sí i nígbà náà."

"Ìyẹn tiẹ̀ burú jù."

"Mẹ́sàn-án ńkọ́? Méjì ò lè pín mẹ́sàn-án."

"Mẹ́ta lọ́nà mẹ́ta."

Dírẹ́bà náà fi ọwọ́ lérán. "Ìyá, mélòó lẹ fẹ́ gan-an?"

"Ẹ̀wù mi kọ́, ẹ̀wù yín ni. Ohun tó bá wù yín ni n ó ṣe. Méje ni àbí mọ́kànlá?"

Níbi tí mo ti ń gbọ́ irú ìtàn báyìí ni mo ti di ará ilé rẹ̀. Ó ń pè mí ní Akọ̀wé. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi ń kọjá síbẹ̀ bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, tí n ó jókòó sórí àpótí òwú, tí a ó jọ máa sọ̀rọ̀ nọ́mbà. Èmi kan náà yìí ni mo wá bà á jẹ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní ọ́fíìsì, mò ń to fáìlì sórí pẹpẹ. Pẹpẹ mẹ́sàn-án ni, fáìlì mẹ́tàlá wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo kọ àpapọ̀ rẹ̀ sínú ìwé: 117. Ó ṣe mí bí ìgbà tí èèyàn bá pàdé ẹni mímọ̀ ní ìlú tí kò dé rí. Ìparí nọ́mbà Màmá nìyẹn. Mo wá wo ohun tó ṣáájú rẹ̀ nínú nọ́mbà náà. Ẹgbẹ̀rún méjìlélógún. Mẹ́sàn-án àti mẹ́tàlá, tí a bá rò wọ́n pọ̀, méjìlélógún ni. Mo dìde. Mo tún jókòó. Mo mú àpò ìwé kan, mo fi ẹgbẹ̀rún kan ó lé mẹ́sàn-án sọ ẹgbẹ̀rún kan ó lé mẹ́tàlá di púpọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. 1,022,117 ló jáde. Kò ṣẹ́ ku nǹkan kan.

Ìdùnnú mi kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Mo rántí páálí. Màmá ti di ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, kò ní iṣẹ́ mìíràn, kò sì sọ ohun kan rí kó yẹ̀ ẹ́. Bí mo bá sọ fún un, ó máa ní kí n gbé máṣíìnì náà. Mo ká àpò ìwé náà sínú àpò ẹ̀wù mi, mo sì gbé e kiri fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bí ẹni tó jí nǹkan. Bí mo bá dé ṣọ́ọ̀bù, mi ò lè wo ojú rẹ̀. Ó rò pé ìfẹ́ ló ń dà mí láàmú. Ó tiẹ̀ bi mí ọmọ ta ni.

Ǹ bá ti pa ẹnu mọ́ títí ayé. Àmọ́ ọ̀gá ilé-ìwé kan tó máa ń rán ṣòkòtò lọ́dọ̀ rẹ̀ pè é pé kó wá bá àwọn ọmọ kíláàsì ìṣirò sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ Ẹtì. Inú Màmá dùn dé góńgó. Ó rán ẹ̀wù tuntun fún ara rẹ̀, bọ́tìnnì mọ́kànlá. Ọ̀gá ilé-ìwé fẹ̀rín sí mi lẹ́nu ọ̀nà. "Ogójì ọmọ ni wọ́n," ló wí, "gbogbo wọn ló ní ẹ̀rọ ìṣirò. Màá fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ọgbọ̀n nọ́mbà kó fi dán an wò. Ẹ ó rí i bí ó ṣe máa dùn tó!"

Mo ṣe ìṣirò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ọgbọ̀n lọ́nà ogójì, ẹgbẹ̀fà ni. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yẹn yóò dé orí ẹgbẹ̀rún ó lé mẹ́sàn-án lójú gbogbo kíláàsì, Màmá yóò sì wà níwájú wọn nínú ẹ̀wù tuntun.

Ọ̀sán Ọjọ́rú ni mo lọ bá a. Ó ń rán ṣòkòtò ọ̀gá ilé-ìwé.

"Mọ̀mọ́, ẹ dákun, níbo lẹ bá nọ́mbà yẹn dé tí ẹ fi dúró?"

"Ẹgbẹ̀rún ó dín mẹ́ta. Ṣebí o mọ̀."

"Kí ló dé tí ẹ ò kọjá ibẹ̀?"

"Akọ̀wé, ìwọ tó kàwé! Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún, mílíọ̀nù kan ni. Bí nọ́mbà méjì bá pawọ́ pọ̀ di nọ́mbà mi, àwọn méjèèjì ò lè ju ẹgbẹ̀rún lọ. Ọ̀kan gbọ́dọ̀ kéré níbẹ̀. Mo sì ti yẹ gbogbo àwọn kéékèèké wò, lẹ́ẹ̀mejì."

"Nọ́mbà yín ju mílíọ̀nù kan lọ, Mọ̀mọ́."

"Èyí tó fi jù ú lọ ò tó nǹkan. Etí aṣọ nìyẹn. A máa ń ṣẹ́ ẹ sínú ni."

Mo fi ọwọ́ kan àpò ẹ̀wù mi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró lórí máṣíìnì.

"Etí aṣọ," ló tún wí, díẹ̀díẹ̀.

Ó dìde, ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó sì ya aṣọ onígun mẹ́rin kan sórí tábìlì: ẹgbẹ̀rún ní ìbú, ẹgbẹ̀rún ní òró. Mo yọ àpò ìwé náà jáde, mo tẹ́ ẹ síwájú rẹ̀. "Ẹ fi mẹ́sàn-án kún ìbú rẹ̀," ni mo wí. "Ẹ fi mẹ́tàlá kún òró rẹ̀." Ó ya etí kan sí ẹ̀gbẹ́: ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án. Ó ya etí kejì sí òkè: ẹgbẹ̀rún mẹ́tàlá. Ẹgbẹ̀rún méjìlélógún nìyẹn. Ó wá ku igun kékeré tí etí méjèèjì ti pàdé, mẹ́sàn-án lọ́nà mẹ́tàlá. Ó ṣe é lórí ìka. "Mẹ́tàdínlọ́gọ́fà," ló wí. Lẹ́yìn náà ló yí padà, tó wo idẹ ara máṣíìnì, bí ẹni tí kò rí i rí.

Mo rò pé yóò sunkún. Ó fi àtàǹpàkò nu idẹ náà.

"Inú ìṣẹ́tí ni wọ́n wà," ló wí. "Èyí tó tẹ̀ lé ibi tí mo dúró sí gan-an ni. Akọ̀wé, àwọn méjèèjì yìí, ṣé ẹnì kan lè pín wọn?"

"Mi ò mọ̀, Mọ̀mọ́."

Ó fa bébà jáde. Ṣòkòtò ọ̀gá ilé-ìwé wà níbẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó yẹ ẹgbẹ̀rún ó lé mẹ́sàn-án wò, ó yẹ ẹgbẹ̀rún ó lé mẹ́tàlá wò, ó fi gbogbo nọ́mbà tó yẹ dán wọn wò títí dé mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ibẹ̀ ló tó kó dúró, mo sì sọ fún un. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó tún fi mẹ́tàdínlógójì kún un. Ó ní ti etí aṣọ nìyẹn.

Kò sí èyí tó ṣeé pín nínú àwọn méjèèjì. Màmá gbé gègé sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín jẹ́jẹ́, èjìká rẹ̀ ń mì. "Ìbejì ni! Èmi tí mi ò bímọ, ọdún mọ́kànlélógójì ni mo fi ń tẹ ìbejì lẹ́sẹ̀ láìmọ̀."

Ó dìde, ó já páálí kúrò lára ògiri, ó kó àlùmọ́gàjí àti ike òróró kúrò lórí máṣíìnì. "Ó yá, gbé e."

"Mi ò gbé e lọ síbì kankan. Bọ́tìnnì lásán, mi ò mọ̀ ọ́n rán."

"Ìyẹn ò kàn mí. Ohun tí mo kọ ni mo kọ."

"Kí lẹ ó wá máa fi ṣiṣẹ́?"

"Ṣé o fẹ́ sọ mí di òpùrọ́ lọ́jọ́ ogbó mi ni? Gbé e, Akọ̀wé!"

Mi ò rí ẹni tó ná ọjà báyìí rí: òǹtajà ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, òǹrajà ń sá. Nígbà tó rẹ̀ wá méjèèjì, mo ní, "Ó dáa, mo gbà á. Tèmi ni láti òní lọ. Àmọ́ yàrá mi kò gbà á. Kó máa wà níbí."

Ó rò ó. "Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n nǹkan onínǹkan ni. N ó máa tọrọ rẹ̀."

Mo rò pé àwàdà ni. Ní aago méje òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n kan fèrèsé mi. "Akọ̀wé, ẹ káàárọ̀ o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yá mi ní máṣíìnì yín lónìí." Ẹni tó ti ń pè mí ní "ìwọ" láti ìgbà tí mo wọ bàtà tuntun! Gbogbo àdúgbò gbọ́ bí ìyá arúgbó ṣe ń fi "ẹ" kí mi. Ìyá mi ò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ó wọ ẹ̀wù rẹ̀, ó lọ sí ilé-ìwé. Mo tọrọ àyè níbi iṣẹ́, mo tẹ̀ lé e. Ó kọ nọ́mbà náà sára pátákó, ó ní, "Ó yá, ẹ pín in." Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ọmọbìnrin kan lẹ́yìn fi nàwọ́ sókè, tó pe ẹgbẹ̀rún ó lé mẹ́sàn-án. Màmá ni ẹni àkọ́kọ́ tó pàtẹ́wọ́. Ó sọ ìtàn ogún fún wọn, ó ya aṣọ àti etí rẹ̀ sára pátákó, ó sì fi ìka tọ́ka sí igun kékeré náà. "Ibi tí mo ti ṣìnà nìyí," ló wí. "Mo ní ó kéré."

Ọmọkùnrin kan bi í, "Mà, ṣé inú yín ò bàjẹ́ ni?"

"Ó bàjẹ́," ni Màmá wí. "Ó bàjẹ́ ní Ọjọ́rú. Òní ti di Ẹtì."

Ọmọbìnrin ẹ̀ẹ̀kan tún nàwọ́ sókè. Ó ní ṣebí ẹni tó bá pín in ló ni máṣíìnì. Màmá fi ojú àánú wò ó. "O pẹ́ dé, ọmọ mi. Akọ̀wé ló ni ín báyìí. Ó le díẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń yá mi."

Ọdún márùn-ún ló fi kan fèrèsé mi. Lọ́jọ́ kan péré ni mo fi ṣàwàdà, tí mo ní, "Rárá o, Mọ̀mọ́, mi ò yá yín lónìí." Ó ní, "Ẹ ṣeun," ó sì lọ. Nígbà tó di ọ̀sán, agbẹjọ́rò ọjọ́ òjò yẹn pè mí lórí fóònù ní ọ́fíìsì. Ó ní Màmá ká ọwọ́ lé itan, ó jókòó ti máṣíìnì, oníbàárà mẹ́ta ń dúró, ó sì ń sọ fún gbogbo wọn pé ẹni tó ni nǹkan kò tíì fọwọ́ sí i. Mo sáré láti ọ́fíìsì dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nínú oòrùn, mo dọ̀bálẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi yá máṣíìnì mi.

Ní ọjọ́ mélòó kan kí ó tó kú, mo bi í bóyá ó kábàámọ̀ gbogbo ọjọ́ Àìkú wọ̀nyẹn. Ó ń fi òwú sí abẹ́rẹ́. Ó ní rárá. Ó ní ìgbà tóun rò pé kò ṣeé pín, òun kàn ń ṣọ́ ọ ni, bí ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ìgbà tó wá di méjì lòun ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, àti ẹni tóun lè sọ ọ́ fún.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, aago méje kọjá, méje ààbọ̀ kọjá. Mo ti wọ bàtà tán, mo ṣì ń wá bàtà. Nígbà tí mo dé ilé rẹ̀, àbúrò rẹ̀ ti wà níbẹ̀. Ojú oorun ló ti lọ.

Mo ti ń fi máṣíìnì náà kọ́ bí wọ́n ṣe ń ránṣọ báyìí. Etí aṣọ mi ṣì wọ́. Bí ẹ bá fẹ́ lọ kí Màmá, ó wà ní ìtẹ́ òkú ìlú, lẹ́yìn ilé-iṣẹ́ omi, lápá ọ̀tún bí èèyàn bá gba géètì kékeré wọlé, láàárín sàréè bíríkìlà kan àti ti nọ́ọ̀sì kan.